Ikùn Lè Kún Kí Ebi Ṣì Máa Pa Ara

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jọ ronú sí ọ̀rọ̀ kan. Bí ìyá bá fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ láàárọ̀, tí ó fún un ní ẹ̀kọ lọ́sàn-án, tí ó tún fún un ní ẹ̀kọ lálẹ́, ǹjẹ́ a lè sọ pé ọmọ náà jẹun? Ọ̀pọ̀ nínú wa ní agbègbè Sakété yóò dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ó yó.” Ṣùgbọ́n ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn pé ikùn lè kún kí ebi ṣì máa pa ara. Ìtàn náà kò jìnnà sí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Accra, ní ilẹ̀ Ghana. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé kọjá, ní ilẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú

Ní ọdún 1929, obìnrin oníṣègùn kan dé sí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, èyí tí ó di Ghana ní 1957. Orúkọ rẹ̀ ni Cicely Williams. Jàmáíkà ni a bí i sí ní 1893, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Accra ni láti máa tọ́jú àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn.

Kò pẹ́ tí ó fi ṣàkíyèsí àìsàn kan. Àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ni ó ń mú jù lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ yóò wú, ọwọ́ rẹ̀ yóò wú. Irun orí rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì máa re. Awọ ara rẹ̀ yóò máa bó. Ọmọ tí ó ń ṣeré tẹ́lẹ̀ yóò máa sunkún ṣáá, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kú.

Obìnrin yìí kò gbára lé ìmọ̀ ti ara rẹ̀ nìkan. Ó bi àwọn obìnrin ìlú léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà. Àwọn Gá, tí wọ́n ni ilẹ̀ Accra, sọ fún un pé kwashiorkor ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí ó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Ẹ ò rí i pé orúkọ yẹn ti tú àṣírí àìsàn náà! Bí oyún mìíràn bá dé, ìyá á já ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọmú. Ọmọ tí ó ń mu wàrà ọmú, tí oore gbogbo wà nínú rẹ̀, á wá bọ́ sórí ẹ̀kọ àgbàdo lásán.

Ní 1933, Williams kọ ohun tí ó rí sínú ìwé àwọn oníṣègùn. Ní 1935, ó tún kọ òmíràn, ó sì lo orúkọ tí àwọn Gá fún un. Àwọn oníṣègùn kan tí wọ́n ní òkìkí jù ú lọ kò gbà. Wọ́n ní àìsàn mìíràn tí àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Kò yẹsẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ayé mọ̀ pé òótọ́ ni ó sọ. Títí di òní olónìí, orúkọ tí àwọn ìyá Gá sọ ni àwọn oníṣègùn gbogbo àgbáyé ń lò.

Kí ló dé tí àgbàdo nìkan kò tó?

Iṣẹ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ń ṣe nínú ara. Èkíní, ó ń fún wa lágbára. Àgbàdo, gaàrí, iṣu àti epo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Èkejì, ó ń mú ara dàgbà, ó sì ń tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Èyí ni iṣẹ́ ohun tí a ń pè ní amúaradàgbà, tí ó wà nínú erèé, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ẹja, edé, ẹran, ìgbín, ẹyin àti wàrà. Ẹ̀kẹta, ó ń dáàbò bo ara kí àìsàn má baà borí rẹ̀. Fítámì ni ó ń ṣe èyí, a sì ń rí i nínú ẹ̀fọ́, èso àti epo pupa.

Amúaradàgbà wà nínú àgbàdo pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn èròjà kan tí ara ọmọdé nílò kò tó nínú rẹ̀. Bí a bá sì lọ àgbàdo náà, tí a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, tí a da èèrí rẹ̀ fún ẹran, díẹ̀ nínú oore tí ó kù á tún bá èèrí lọ. Ọmọ tí ó ń dàgbà dà bí ilé tí à ń kọ́. Bí a bá ní omi púpọ̀ tí a kò ní amọ̀, ṣé ilé yóò dúró?

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ti rí i pé kì í ṣe àìní amúaradàgbà nìkan ni ó ń fa kwashiorkor. Àìní fítámì, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti àyíká tí kò mọ́ náà lọ́wọ́ sí i. Ìdí nìyí tí oúnjẹ ọmọ fi gbọ́dọ̀ ju ẹyọ ẹ̀yà kan lọ.

Ìwọ̀n tí ó ti Ìmẹ̀sí-Ilé wá

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Accra wàyí. Ìmẹ̀sí-Ilé wà lórí òkè, ní ìtòsí Iléṣà. Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn mọ̀ ọ́n nítorí ogun Kírìjì, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Ṣùgbọ́n ogun mìíràn tún wà níbẹ̀, ogun ikú ọmọdé.

Ní 1956, oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Láti 1957, òun àti àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè. Wọ́n rí i pé kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú, kí irun rẹ̀ tó pọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ ti kọ́kọ́ dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Ojú lásán kì í rí èyí. Wọ́n tún rí i pé bí èéyi bá mú ọmọ tí kò jẹun dáadáa, ó ń le ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń pa á.

Morley wá ṣe káàdì kan. Ó fa ìlà sí i, bí ọ̀nà tí ó ń gòkè lọ. Bí a bá wọn ọmọ, a ó fi àmì sí i. Bí àmì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ń bọ̀. Kò jẹ́ kí káàdì náà wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ọwọ́ ìyá ni ó fi í sí, kí ó máa gbé e lọ sílé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó gba irú káàdì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá gbé ọmọ yín ka orí ìwọ̀n, tí ó sì fi àmì sí ìwé rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọgbọ́n tí ó ti ìlú Yorùbá kan jáde ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ẹ béèrè ìwé náà, kí ẹ kà á fúnra yín.

Ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀

Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ẹ wo àdàlú. Àgbàdo àti erèé ni wọ́n sè pọ̀. Èròjà tí kò tó nínú àgbàdo pọ̀ nínú erèé, èyí tí kò tó nínú erèé sì wà nínú àgbàdo. Àwọn ìyá wa kò rí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan, síbẹ̀ wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni ẹ̀kọ àti àkàrà, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ó bá mu ẹ̀kọ tí ó fi àkàrà tì í ti jẹ oúnjẹ pípé ju ẹni tí ó fi ṣúgà mu ún lọ.

Ẹ tún wo epo pupa. Ilẹ̀ wa ni ilẹ̀ ọ̀pẹ. Nítorí epo àti èkùrọ́ ni àwọn Faransé ṣe la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété títí dé Pobè, tí ó débẹ̀ ní 1913. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ọkọ̀ ojú irin yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ibùdó náà ṣì wà. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni àwọn Òyìnbó ń fi epo wa ṣe nígbà náà. Ohun tí ó mú epo pọ́n ni ara wa ń sọ di fítámì A, tí ó ń ran ojú lọ́wọ́ láti ríran bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ó sì ń fún ara lágbára láti bá àìsàn jà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé epo kaná títí ó fi funfun, fítámì náà ti jóná.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo àṣà ni ó dára. Àwọn àgbà kan ń sọ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin àti ẹran yóò di olè. Bàbá a wá jẹ ẹran, ọmọ a lá ọbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, àgbàlagbà ti dàgbà tán. Ọmọ ni ó ń dàgbà lọ́wọ́. Òun ni ẹja àti ẹyin tọ́ sí jù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tún máa ń kó gbogbo ẹyin àti erèé lọ sọ́jà, tí a ó sì fi owó rẹ̀ ra bisikíìtì àti wàrà inú agolo fún ọmọ. Ní 1939, Cicely Williams tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn ní Singapore. Ó pe àkọlé ọ̀rọ̀ náà ní “Wàrà àti Ìpànìyàn”, nítorí àwọn oníṣòwò ń tan àwọn ìyá pé kí wọ́n fi wàrà agolo aládùn rọ́pò ọmú, àwọn ọmọ sì ń kú. Ẹ ta nínú irè yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ ti ọmọ sílẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún un ní oúnjẹ mọ́ ọmú títí yóò fi pé ọdún méjì. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀, ìyẹ̀fun erèé tàbí ti sójà sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ gún edé tàbí ẹja gbígbẹ sí i. Ẹ fi ẹ̀fọ́ àti epo pupa díẹ̀ sínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fún un ní máńgòrò àti ìbẹ́pẹ ní àsìkò wọn.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá sì ti wú, ẹ má sọ pé ayé ni, ẹ má sì rò pé oúnjẹ púpọ̀ nílé yóò wò ó sàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Láti 1996 ni oníṣègùn Faransé kan, André Briend, ti bá àwọn kan ṣe oúnjẹ tí a fi ń wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ̀pà lílọ̀ ni wọ́n pò mọ́ wàrà, òróró, ṣúgà àti fítámì. Ẹ̀pà, irú èyí tí ó wà lórí àtẹ lọ́jà wa!

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ní ọjà tí ń bọ̀, kí ẹ tó ta erèé yín tán, ẹ wọn agolo kan sílẹ̀ fún ọmọ.