Ìtàn Ayé Tó Kún Tí Oúnjẹ Kò Tó

Nígbà tí Thomas Malthus, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé rẹ̀ lórí iye èèyàn jáde ní 1798, kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àlàyé rẹ̀ ni pé oúnjẹ kò lè pọ̀ tó bí ọmọ aráyé ṣe ń pọ̀, àti pé ebi, àìsàn àti ogun ni yóò máa dín wọn kù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rù yìí wá wọ inú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì gan-an. Nínú The Space Merchants (1953), Frederik Pohl àti C. M. Kornbluth fi àwọn òṣìṣẹ́ hàn wá tí wọ́n ń gé ẹran lára ìṣù ẹran adìyẹ ràgàjì kan tí kì í dẹ́kun dídàgbà.

Oúnjẹ ni tiwọn. Àyè ni ti J. G. Ballard. Nínú ìtàn kúkúrú rẹ̀, “Billennium” (1961), òfin ti fi òdiwọ̀n sí àyè tí ẹnì kan lè gbà sùn: kò gbọdọ̀ ju mítà méjì lóòró àti mítà méjì níbùú. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì wá rí yàrá ńlá kan tí wọ́n ti dí pa lẹ́yìn ògiri. Wọ́n pe ọ̀rẹ́bìnrin méjì wọlé. Ọ̀kan mú àǹtí rẹ̀ wá, èkejì mú ìyá àti bàbá rẹ̀ dé. Kí wọ́n tó mọ̀, yàrá ti há gádígádí. Kò síkà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, àánú ló kún yàrá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìtàn náà sí ọ̀kan nínú èyí tó dáa jù.

Ìwé tó lókìkí jù ni Make Room! Make Room! tí Harry Harrison kọ ní 1966. New York ọdún 1999 ló wà níbẹ̀, èèyàn mílíọ̀nù márùndínlógójì ló ń fara gbún ara wọn. Ọlọ́pàá kan àti bàbá arúgbó kan, Sol, jọ ń gbé yàrá. Sol a máa wa kẹ̀kẹ́ lójú kan kí iná lè wá. Ohun tó ń dun Harrison ni pé àwọn aláṣẹ kò gba ìfètòsọ́mọbíbí láàyè.

Sinimá Soylent Green (1973), tí wọ́n gbé ka ìwé náà, ju ẹ̀sùn yẹn nù, ó wá fi ẹran èèyàn inú oúnjẹ dípò rẹ̀. Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Harrison! Àmọ́ Edward G. Robinson, tó ṣe Sol, kò ṣeé gbàgbé: ẹran màlúù àti èso ápù kan ṣoṣo ti tó láti mú kí ojú rẹ̀ yí padà. Ó kú kí sinimá náà tó jáde.

Ìwé Stand on Zanzibar ti John Brunner (1968) fẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó dá orílẹ̀-èdè kékeré kan, Beninia, sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdún méje kí Dàhòmì tó gba orúkọ Benin. Ó ní aráyé á ti ju bílíọ̀nù méje lọ ní 2010. Ní 2011 ni wọ́n pé e lóòótọ́. Ìyàn ńlá tí àwọn òǹkọ̀wé ń retí ni kò dé bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí àlìkámà tuntun tí Norman Borlaug mú jáde ti ń so wọ̀ǹtìwọnti ní Mẹ́síkò, Íńdíà àti Pakistan.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwé Harrison ni kó kọ́kọ́ kà, kó tó wo sinimá.