Ojú-ìlò alọ́nà-púpọ̀

Ojú-ìlò alọ́nà-púpọ̀ ni apá ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi ohùn, ìka tàbí ojú bá lò, tí ẹ̀rọ sì ń fi ìró, àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ dáhùn. Ní 1980, Richard Bolt ti MIT ní Amẹ́ríkà ṣàfihàn ọ̀kan tó lókìkí: ènìyàn nàka sí àwòrán lójú ògiri, ó ní kí ẹ̀rọ gbé ìyẹn síbẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ náà sì gbé e.

Ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí èrò pọ̀ sí jù l'Ékòó nínú ètò ìkànìyàn 2006, àpẹẹrẹ tó sún mọ́ni ni ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń sanwó lábẹ́ agbòòrùn ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò: bọ́tìnnì, ojú ẹ̀rọ, ìró, ìwé pélébé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lè bo ìró náà. Oòrùn ọ̀sán lè pa ojú ẹ̀rọ rẹ́. Nítorí náà, ìdánwò inú yàrá tútù kò tó. Olùdánwò yóò ka àṣìṣe, yóò wo àkókò tí iṣẹ́ gbà, yóò sì wo bí ẹni tí kò mọ̀wé ṣe ń rí i lò. Nọ́ńbà àṣírí káàdì ńkọ́? Ta ni yóò pè é sókè létí títì!

Síbẹ̀, ohùn wúlò fún èdè Yorùbá. Ẹni tó tẹ «owo» láìsí àmì lè ní owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀ tàbí ọwọ̀ lọ́kàn. Bó bá fẹnu sọ ọ́, ìró fáwẹ́lì àti ohùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Túndé Adégbọlá, olùdásílẹ̀ African Languages Technology Initiative ní Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbọ́ ohùn Yorùbá.