Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ní Ọ̀wọ̀: Bí Wákàtí Ṣe Tẹ̀lé Wákàtí

Òwúrọ̀

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìlú Bìní, tó dorí kọ ọ̀nà Àkúrẹ́, yóò gba Ìfọ́n kọjá kó tó kan Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà àtayébáyé ni. Ìtàn Ọ̀wọ̀ sọ pé ààfin Ọba Bìní ni wọ́n ti tọ́ Ọ̀ṣọ́gbóyè kó tó padà wálé wá jẹ Ọlọ́wọ̀, ọ̀pọ̀ oyè àti aṣọ oyè ibẹ̀ sì jọ ti Bìní títí dòní. Ìdí nìyí tí àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé Bìní kò fi lè pe ìkọlù tí àwọn agbébọn ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ní ọ̀rọ̀ ìlú ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ ọdún sì ni pẹ̀lú. Pẹ́ńtíkọ́sì ló ń parí àsìkò Àjíǹde fún ìjọ Kátólíìkì. Aṣọ pupa ni àlùfáà ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn òbí a sì máa wọ aṣọ tó dáa jù fún ọmọ wọn. Ní òpópónà Ọwálúwà, níbi tí kò jìnnà sí ààfin Ọlọ́wọ̀, àwọn èèyàn ń wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier: ìyá arúgbó, ọmọ ọwọ́, àwọn ọ̀dọ́ akọrin.

Ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni, mo sì fẹ́ kí á rántí ìyẹn. Kì í ṣe pé ìròyìn burúkú kò tíì dé etí wa. Oṣù kan kò tíì pé tí wọ́n sọ Deborah Samuel, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́, lókùúta pa ní Ṣókótó, tí wọ́n sì dáná sun ún, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ànọ́bì. Ọdún méjì ṣáájú, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Augustine Akubeze ti Ìlú Bìní, tó jẹ́ ààrẹ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Nàìjíríà nígbà náà, ti ní kí gbogbo ọmọ ìjọ wọ aṣọ dúdú lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eérú nítorí ìpakúpa àti ìjínigbé. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2020, àwọn bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn wọ dúdú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ní Àbújá. Àwa náà wọ aṣọ dúdú níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, òkè Ọya ni ọkàn wa ń lọ. Àdúrà tí à ń gbà, àdúrà fún àwọn ará ibòmíràn ni.

Aago mọ́kànlá kọjá

Máàsì ti ń lọ sópin. Wọ́n ti ka Ìwé Mímọ́, wọ́n ti wàásù, wọ́n ti gba ara Olúwa. Fadá Andrew Abayomi ló ń darí ìsìn. Àwọn kan ti ń múra àtilọ sílé. Àwọn mìíràn ti bọ́ sí ìta.

Àwọn ọlọ́pàá sọ lẹ́yìn náà pé díẹ̀ nínú àwọn apànìyàn náà ti wọlé bí ẹni tó wá jọ́sìn, tí àwọn yòókù sì wà káàkiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìjọ ń kọrin, àwọn tó fẹ́ pa wọ́n ti wà láàárín wọn.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀

Fadá Abayomi gbọ́ ariwo ńlá kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀kùn ló gbá mọ́ ògiri, tàbí pé ẹnì kan ṣubú. Kò pẹ́ tí òmíràn dún. Ọmọ ìjọ kan sáré tọ̀ ọ́ wá, ó ń kígbe pé àwọn agbébọn ti dé.

Bọ́ǹbù ló dún, ìbọn sì tẹ̀lé e. Ìta ni àwọn kan ti ń yìnbọn, inú ni àwọn mìíràn wà. Ẹni tó sá gba ẹnu ọ̀nà lọ pàdé ọta níbẹ̀. Ẹni tó dojú bolẹ̀ lábẹ́ àga kò mọ ẹni tí yóò tẹ òun mọ́lẹ̀.

Àwọn èèyàn rọ́ tẹ̀lé àlùfáà lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ Máàsì, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun kò lè sá nítorí pé àwọn ọmọdé ti yí òun ká. Àwọn àgbà dì mọ́ ọn. Àwọn kan tilẹ̀ kó sábẹ́ aṣọ Máàsì tó wọ̀. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà, kó gba àwọn là. Ó ràdọ̀ bò wọ́n bí àgbébọ̀ ṣe ń ràdọ̀ bo ọmọ, ó ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run yóò ṣe nǹkan kan. Kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́.

Ogún ìṣẹ́jú

Bí wọ́n ṣe wà nínú yàrá náà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú nìyẹn, tí ìró ìbọn àti bọ́ǹbù ń wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ogún ìṣẹ́jú kò tó àkókò tí ẹ fi ń se ìrẹsì jinná. Láàárín rẹ̀, ìdílé kan lè pàdánù ìyá, bàbá àti ọmọ.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé wọ́n ti lọ. Mọ́tò tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi sá. Wọ́n fi bọ́ǹbù mẹ́ta tí kò bú gbàmù sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèpo ọta ìbọn AK-47.

Ọ̀sán

Àlùfáà ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì látìbí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dúró de áḿbúláǹsì. Mọ́tò tó bá wà nítòsí ni wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ sí, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) Ọ̀wọ̀ àti ilé ìwòsàn St. Louis. Àwọn dókítà ké pe aráàlú pé kí wọ́n wá fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀, àwọn èèyàn sì jáde.

Ọ̀rọ̀ ń fò káàkiri. WhatsApp gbé àwòrán dé Bìní kí ọ̀pọ̀ wa tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán Àìkú tán. Àwọn kan ní wọ́n ti jí Fadá gbé lọ. Ìjọ Kátólíìkì ti Oǹdó ní láti gbé ìwé jáde lọ́jọ́ náà pé irọ́ ni, pé àwọn àlùfáà wà láyè, bíṣọ́ọ̀bù wọn sì wà láyè.

Láti ọ̀sán yẹn gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan ní ẹ̀san ni, nítorí pé ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, pàṣẹ fún àwọn darandaran pé kí wọ́n kúrò nínú igbó ìjọba. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìkọlù náà, ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISWAP làwọn fura sí. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má wádìí. Ṣùgbọ́n ọjà wà ní Ọ̀wọ̀, gáréèjì wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba wà. Àwọn apànìyàn náà kò lọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n yàn, lọ́jọ́ ọdún, ní wákàtí tó kún jù lọ. Ohunkóhun tí ìbáà wà lọ́kàn wọn, ohun tó kó àwọn tó kú pọ̀ sójú kan ni pé wọ́n wá sí Máàsì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn wọn.

Ìrọ̀lẹ́

Àbújá ni Akérédolú wà, nítorí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú APC tó fẹ́ yan ẹni tí yóò dupò ààrẹ. Ó fi ìpàdé sílẹ̀, ó wálé. Ó pe ọjọ́ náà ní Àìkú dúdú, ó sì bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ ara wọn gbẹ̀san. Òun àti Bíṣọ́ọ̀bù Jude Arógundadé ti Oǹdó lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì náà. Láti Róòmù, Póòpù Francis ránṣẹ́ pé òun ń gbàdúrà fún àwọn tí ibi dé bá nígbà tí wọ́n ń ṣe ọdún.

Alẹ́

Kò sí iye kan tí ẹnu kò lé lórí lóru ọjọ́ náà. Àwọn kan ń ka òkú ní yàrá òkú, àwọn mìíràn ṣì ń wá èèyàn wọn láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni gómìnà kéde pé èèyàn 127 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: 40 ti kú, 61 ṣì wà ní ilé ìwòsàn, 26 ti padà sílé. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, wọ́n to pósí síwájú ìjọ ní Ọ̀wọ̀ fún Máàsì ìsìnkú.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní títì títí di ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, ọdún 2023, Àìkú Àjíǹde, tí ìjọ padà wọ inú rẹ̀ láti jọ́sìn. Akérédolú kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS tó gbé ọkùnrin márùn-ún wá sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn márààrún ní àwọn kò jẹ̀bi.