Oko ẹ̀pà ńlá tó jẹ owó

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wí pé: bí oko bá ṣe tóbi tó ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé tó parí ní 1945, òróró wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá gbèrò láti gbin ẹ̀pà ní Tanganyika, ilẹ̀ tó wà nínú Tàǹsáníà lónìí. Wọ́n fẹ́ dá oko tó ju hẹ́kítà 1,000,000 lọ. Wọ́n rò pé bí katakata bá ń túlẹ̀ oko ńlá, ìnáwó orí hẹ́kítà kan á dín kù.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kongwa ní 1947. Hẹ́kítà 60,000 ni wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún àkọ́kọ́. Nǹkan bíi 3,000 ni wọ́n rí gbìn. Kí ló fà á? Igi oṣè tóbi níbẹ̀, gbòǹgbò igbó sì le. Ọ̀pọ̀ katakata wọn jẹ́ àlòkù, wọ́n ń bàjẹ́. Amọ̀ wà nínú ilẹ̀: bí òjò bá dá, oòrùn á sọ ọ́ di líle, ẹ̀pà ò sì ní ṣeé wú. Òjò gan-an kò tó. Àwọn Gogo tó ni ilẹ̀ náà ti mọ ọ̀dá ibẹ̀ tipẹ́.

Síbẹ̀ owó ń jáde lójoojúmọ́: owó epo, owó àtúnṣe, owó oṣù. Ní oṣù kìíní 1951, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ó ti jẹ owó tó ju mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn lọ.

Ṣé oko ńlá burú ni? Rárá. Ká ní a san 6,000 fránkì kí màlúù tó ń túlẹ̀ tó dé oko wa. Bí oko bá jẹ́ hẹ́kítà 1, gbogbo 6,000 wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ hẹ́kítà 3, 2,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irúgbìn, ìroko àti ìkórè ń pọ̀ bí oko ṣe ń fẹ̀. Bí òjò bá kọ̀, ẹni tó náwó sí hẹ́kítà 3 ló máa pàdánù jù.

Nítorí náà, kí a tó fẹ oko sí i, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé: Ṣé a mọ ilẹ̀ náà? Ṣé a ti dán an wò ní kékeré? Ṣé a ti bi àwọn tó ti ń ro ó tẹ́lẹ̀? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò.