Bí Olùbẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Fi Python Ṣe Fèrèsé Sójú Kọ̀ǹpútà

Python ni èdè tí Guido van Rossum gbé jáde lọ́dún 1991 fún kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Tkinter, tí a fi ń ṣe fèrèsé àti bọ́tìnì, máa ń bá a wá lórí Windows. Bí ẹni tó wà ní Ṣakí bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Iṣẹ́ àdúgbò ni kí olùbẹ̀rẹ̀ fi kọ́ra, bíi fèrèsé tí ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn yóò fi ṣírò owó òwú. Kí ó kọ́kọ́ yà á sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ lásán ni Tkinter ka ohun tí a bá tẹ̀ sínú àpótí sí. Kí ó sọ ọ́ di nọ́ńbà kó tó ṣírò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, náírà 500 àti 200 yóò di 500200 dípò 700, ìṣirò ahunṣọ yóò sì dàrú.