Ẹsẹ̀ Tó Wọ Pẹ́dà Gbọ́dọ̀ Lè Jáde

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ò ní ṣàìtíì rí wọn. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, tí wọ́n dé akoto, a máa tò tẹ̀lé ara wọn lórí kẹ̀kẹ́ ní Ìkòyí títí lọ dé Lẹ́kí. Kẹ̀kẹ́ ológeere náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá wa gùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn dáadáa. Bàtà wọn kò kàn wà lórí pẹ́dà lásán. Ó há mọ́ ọn ni, bí ìgbà tí àgádágodo bá pa dé. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró lójijì, tí ẹni náà kò sì tètè yọ ẹsẹ̀, òun àti kẹ̀kẹ́ ni yóò jọ wó lulẹ̀ gbìì.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ra irú kẹ̀kẹ́ yìí ló máa ń béèrè pé: irú pẹ́dà wo ni kí n fi sí i? Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ewu rẹ̀ náà kò sì kéré, ní ìlú tí dáńfó ti ń fi ìwọ̀n ìka méjì kọjá lára èèyàn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé, ká wo bí kẹ̀kẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ká wo bí pẹ́dà ṣe di ohun tó ń di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú, lẹ́yìn náà ká wá sọ ọmọ lórúkọ.

Èbúté Èrò ni kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ti wí, ibi tí èrò ti ń gúnlẹ̀ ni. Kí afárá tó dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èrò àti ẹrù láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn létí ọ̀sà wá síbẹ̀. Ní ọdún 1901, nǹkan ńlá méjì ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣí afárá Carter, èyí tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè, ó sì so erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ Ìddó. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tó di 1902, ọkọ̀ tíráàmù bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá náà kọjá.

Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ wá lè gùn ún láti Ìddó, kó gba orí omi kọjá, kó já sí ẹsẹ̀ afárá nítòsí Èbúté Èrò, kó gba Ìdúmọ̀tà dé Marina, láìwọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò ní dúró de ọkọ̀ ojú omi, kò ní san owó tíráàmù. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Fún akọ̀wé tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, kẹ̀kẹ́ ni òmìnira àkọ́kọ́.

Raleigh ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ ìgbà náà. Ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀gbẹ́ni Frank Bowden ló sì sọ iṣẹ́ náà di ilé-iṣẹ́ ńlá láti 1888. Irin rẹ̀ nípọn, ó wúwo, irin gbọọrọ ni bíréèkì rẹ̀, ó sì ní àga ẹrù lẹ́yìn. Ta ni kò gùn ún? Wolé-wolé gùn ún láti wá yẹ àmù omi wò nínú ilé onílé. Akólẹ́tà gùn ún, tíṣà gùn ún, ọlọ́pàá gùn ún, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn gùn ún. Ẹlẹ́mu so agbè mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì ń wà á lọ jẹ́jẹ́ kí ẹmu má baà dà nù. Ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó pẹ́dà láti orí ìjókòó a ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin àárín, a sì máa wà á ní ẹ̀gbẹ́ kan bí akàn.

Báwo ni pẹ́dà kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe rí? Pẹlẹbẹ ni. Rọ́bà méjì ló wà lára rẹ̀, ó ní ìlà-ìlà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ẹ lè fi bàtà akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi sálúbàtà tẹ̀ ẹ́, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Bí ewúrẹ́ bá fò sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ yín á ti kanlẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Kò sí ohun tó dì yín mú. Nínú Ìsàlẹ̀ Èkó tí ọ̀nà ti tóóró, tí alágbàárù ń pariwo "àgò o!" lẹ́yìn yín, pẹ́dà tó bá ibẹ̀ mu nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lókè òkun, ohun mìíràn ni àwọn kan ń lé. Eré sísá ni. Nígbà tí pẹ́dà kọ́kọ́ jáde ní Paris ní bíi 1860 sí 1869, ara àgbá iwájú ni wọ́n so ó mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Pierre Lallement sì gba ìwé ẹ̀rí lórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1866. Ní 1885, John Kemp Starley ti ìlú Coventry gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde, tó fi ṣéènì gbé agbára pẹ́dà lọ sí àgbá ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ ní Belfast. Kẹ̀kẹ́ wá di ohun tó ń sáré bí ẹṣin.

Ibi tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí èèyàn bá ń fẹsẹ̀ yí pẹ́dà kíákíá, ẹsẹ̀ a máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, pàápàá nínú òjò. Àwọn olùdíje wá fi irin ṣe ohun kan bí àgò adìẹ siwájú pẹ́dà, wọ́n ń ti ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi okùn awọ fà á le. Ẹsẹ̀ kò yọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tú okùn náà kí ẹsẹ̀ tó jáde. Àgò yìí ni wọ́n lò nínú ìdíje fún ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó gbìyànjú ohun mìíràn. Ní 1895, Charles Hanson ní Amẹ́ríkà ti gba ìwé ẹ̀rí fún pẹ́dà tó ń di bàtà mú láìlo àgò. Kò tàn kálẹ̀. Ní 1971, ilé-iṣẹ́ Cinelli ní Ítálì gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní M71. Ó di ẹsẹ̀ mú gírígírí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ni ẹ máa fi ti irin kékeré kan lábẹ́ kí ẹsẹ̀ tó kúrò. Ẹ ro ó wò: ẹ ń ṣubú lọ, ẹ tún ń wá irin tí ẹ máa tì. Abájọ tí àwọn kan fi pè é ní pẹ́dà ikú!

Ta ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà? Kì í ṣe oníkẹ̀kẹ́. Ilé-iṣẹ́ Look ní ilẹ̀ Faransé ni, àwọn tó ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń so bàtà mọ́ pátákó gígùn méjì tí òyìnbó fi ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, tí bàtà rẹ̀ kò sì tú kúrò lára pátákó, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán. Nítorí náà, bí bàtà ṣe máa tú ni iṣẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1984, wọ́n mú ọgbọ́n yẹn wá sórí kẹ̀kẹ́. Ẹ tẹ bàtà mọ́ pẹ́dà, ó ró "kà!", ó há. Ẹ yí gìgísẹ̀ síta díẹ̀, ó tú. Ọwọ́ kò kàn án rárá. Bernard Hinault lò ó, ó sì fi gba ìdíje Tour de France ní 1985. Láàárín ọdún díẹ̀, àgò ìka ẹsẹ̀ ti ń kógbá wọlé nínú ìdíje.

Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ rẹ̀. "Clipless" ni òyìnbó ń pè é, ìyẹn ni pé kò ní àgò ìka ẹsẹ̀ ti àtijọ́. Kì í ṣe pé kò di ẹsẹ̀ mú. Orúkọ yìí ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí nìyí: bí a ṣe máa há ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà kò fìgbà kan ṣòro fún wọn. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa jáde ni wọ́n fi ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún wá, láti 1895 dé 1984. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra pẹ́dà, ọ̀nà àbájáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí àtẹ lónìí. Èkíní ni pẹlẹbẹ ti àwọn bàbá wa. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, tó ń dúró ní gbogbo oríta, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí ojú tì í.

Èkejì ni irú èyí tí Shimano ti Japan gbé jáde ní 1990 fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, tí wọ́n ń pè ní SPD. Irin kékeré tí nọ́ọ̀tì méjì dì mọ́ abẹ́ bàtà ni, ó sì rì sínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà. Ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fẹsẹ̀ rìn bí èèyàn.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn olùdíje ojú títì, irú Look Keo àti SPD-SL. Ike fífẹ̀ tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta dì mú ni, ó sì yọ síta lábẹ́ bàtà. Ó tẹ́ ẹsẹ̀ lọ́rùn fún ìrìn jíjìn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jà Èbúté Èrò, níbi tí omi ẹja ti ń ṣàn, ẹ ó máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ ni, ẹ sì lè yọ̀ ṣubú. Àwọ̀ ike náà ní ìtumọ̀. Ti Look, dúdú kò gba gìgísẹ̀ láyè rárá, eérú gba ìwọ̀n 4.5, pupa gba ìwọ̀n 9. Ti Shimano, pupa ni kò gbà láyè, búlúù gba ìwọ̀n 2, yẹ́lò gba ìwọ̀n 6. Ẹ rí i pé pupa ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe pupa èkejì! Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó mú èyí tó gba ẹsẹ̀ láyè jù, nítorí orúnkún kì í fẹ́ kí a dè é pa.

Àwọn ọlọ́jà lè sọ fún yín pé ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ fa pẹ́dà sókè, kí agbára yín di ìlọ́po méjì. Ẹ má gbà. Àwọn ògbóǹtarìgì pàápàá, títẹ̀ sísàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú agbára wọn ti ń wá. Ohun tí pẹ́dà yìí ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ nígbà tí eré bá le.

Kì í ṣe pé eré náà kò kàn wá o. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ìpele mẹ́ta àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé nínú Tour de France ní 2024. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìdíje àgbáyé wáyé ní Kigali ní Rwanda, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní Olympics Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye tiwa ní láti yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kó tó lè kópa nínú eré inú pápá. Ọmọ wa kò ya ọ̀lẹ. Irinṣẹ́ ni kò tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má torí ewu sá fún un. Bí ẹ bá rà á, ẹ tú síkúrúù rẹ̀ kó dẹ̀ dáadáa. Ẹ fara ti ògiri, kí ẹ há ẹsẹ̀, kí ẹ tú u, ní ìgbà àádọ́ta, títí ẹsẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n láìrò ó. Bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Carter bọ̀ wá sí Èbúté Èrò, ẹ ti yọ ẹsẹ̀ kan kí ẹ tó dé àárín èrò. Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́.