Bátànì, Ìró àti Ẹ̀kọ́ Yunifásítì: Aṣọ Festac 1977 gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Láàárín ọjọ́ 15 oṣù kìíní àti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú wáyé ní Èkó. Ìlú Festac, ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ni a kọ́ láti fi àwọn àlejò wọ̀ sí. Àwọn ilé náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun mìíràn tí àjọ̀dún náà bí, tí àwọn òpìtàn kì í sáábà kà sí, ni aṣọ. Erhabor Emokpae ni ó ṣe àmì àjọ̀dún náà, láti ara ère ojú Ìyá Ọba Idia ti Ìbíní tí a fi eyín erin gbẹ́, a sì tẹ àmì yìí sára aṣọ. Ère náà gan-an kò wá: àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó o lọ ní 1897, British Museum kò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni ó rìn kiri Èkó lára ènìyàn.

Ìṣòro ńlá wà nínú irú aṣọ yìí fún ẹni tí ó ń kọ́ ọnà aṣọ títẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ̀rọ a máa tẹ ọnà kan náà léraléra. Nítorí náà ìsàlẹ̀ ọnà gbọdọ̀ bá òkè rẹ̀ pàdé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbọdọ̀ bá ti òsì mu, kí ojú oríkèé má sì hàn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní asẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ní orí, ó ní àgbọ̀n. Télọ̀ kò lè yí aṣọ bẹ́ẹ̀ po bí ó ti wù ú, àfi kí ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tí ó sì ró o lè jókòó lé ojú ọba. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín fún ẹni tí ó mọ iyì ààfin.

Kì í ṣe ibi aṣọ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti di olókìkí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa. Ní Zaria, níbi tí Ahmadu Bello University ti dìde ní 1962, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958, wọ́n ní kí a da ọnà ilé pọ̀ mọ́ ti òkèèrè. Àríyànjiyàn yẹn ní láárí. Ṣùgbọ́n àwòrán kíkùn, ère àti àwòrán orí bébà ni a fi mọ̀ wọ́n jù, àwòrán ara ògiri sì ní férémù. Aṣọ kò ní.

Àwọn aládìrẹ ti mọ èyí tipẹ́. Ìbú aṣọ méjì tí a rán pọ̀ ni ó ń di ìró kan, a kò sì ní fi sísọ́ọ̀sì kàn án mọ́. Ní Ìbàdàn, obìnrin a pín ojú aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, a fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i, kí aláró tó rì í sínú aró. Òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú Ìbàdàndùn. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé bátànì sára páànù. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, ojú rẹ̀ àti ti olorì rẹ̀ wọ inú àdìrẹ tí a ń pè ní Olóba: láàárín gbùngbùn ni a gbé wọn sí. Bóyá ìdí aróṣọ ni wọ́n bọ́ sí, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ẹni tí ó ṣe é mọ ibi tí ó fi wọ́n sí. A kò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olùkọ́ ní yunifásítì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ì bá gba akẹ́kọ̀ọ́ jáde kò sì dúró pẹ́. Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, kógbá sílé ní 2002. United Nigerian Textiles ti ìlẹ̀kùn ní 2007, ó tún un ṣí ní 2010. Láàárín àkókò yìí ni àfarawé àdìrẹ tí a tẹ̀ ní Ṣáínà ń wọ ọjà Ìtókù l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá na irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ yóò rí i pé ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n nínú igun kan, ibẹ̀ náà ni ó ti gbọ̀n nínú gbogbo ìyókù.